Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo ni eku ṣe da Èkó láàmú láti 1924 títí di 1930?

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wọ Èkó nígbà náà ni ẹ ń bi wá léèrè.

1. Kòkòrò fífò tín-ín-tín tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú irun eku ló ń gbé àrùn náà kiri; bí eku bá kú, tí ara rẹ̀ tutù, kòkòrò náà a fi òkú sílẹ̀, a wá ọmọ ènìyàn kàn. Ẹni tó pa eku tí kò pa kòkòrò rẹ̀, ewu ló tú sílẹ̀.

2. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀: ilé tó fún pọ̀ ló ń fún eku láyè, nítorí náà ni ìjọba ṣe dá Lagos Executive Development Board, àjọ ìdàgbàsókè ìlú Èkó, sílẹ̀ ní 1928.

Ẹ bo ìdọ̀tí ọjà, ẹ má sì fọwọ́ lásán gbé òkú eku.