Ọgbà Mẹ́fà, Ìlú Mẹ́fà: Ibi Tí Ọmọ Yóò Gbé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹni tó ń ka àlámànàkì yìí mọ ohun tí yunifásítì jẹ́, a ò ní fi ìtàn dá yín dúró. Oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2006, nígbà ìjọba Gómìnà Olagunsoye Oyinlola, ni wọ́n fọwọ́ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí gbogbo èèyàn ń pè ní Uniosun; ọdún 2007 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ló wà ní ìpínlẹ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọgbà méjì: Òṣogbo àti Òkukù ní Àárín Gbùngbùn, Ìkirè àti Èjìgbò ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀tẹ̀dó ní Ìlà-Oòrùn. Ó tán.

KỌ́Ọ̀SÌ LÓ Ń YAN ÌLÚ

Kò sí ẹni tó máa bi ọmọ yín pé ìlú wo ló wù ú. Kọ́ọ̀sì tó bá fi sí fọ́ọ̀mù JAMB ni yóò gbé e lọ. Ẹni tó fi Lọ́ọ̀ sí i ti yan Ifẹ̀tẹ̀dó. Ẹni tó fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sí i ti yan Èjìgbò, ó mọ̀ ni o, kò mọ̀ ni o. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá jókòó ti fọ́ọ̀mù gan-an ni kí ẹ yan ìlú, ẹ má dúró di ọjọ́ tí orúkọ bá jáde. Ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè ọ̀nà ìlú náà àfi ìgbà tí fóòmù bá ti wà lórí ọkọ̀.

Òṣogbo: ìṣègùn (ọdún 6), nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà (ọdún 5), sáyẹ́ǹsì (ọdún 4).
Ìkirè: èdè, ìtàn, àṣà (ọdún 4).
Òkukù: ìṣirò owó, òwò ṣíṣe àti ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá (ọdún 4).
Èjìgbò: iṣẹ́ àgbẹ̀ (ọdún 5).
Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà: ẹ̀kọ́ olùkọ́ (ọdún 4).
Ifẹ̀tẹ̀dó: òfin (ọdún 5).

Ẹ̀ka kéékèèké lè ṣí láti ọgbà kan sí òmíràn, ẹ wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB ti ọdún yẹn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ sì fi iye ọdún wọ̀nyí sọ́kàn, òun la máa fi ṣírò owó ilé. Bí ọmọ bá ń ṣe iyèméjì láàárín kọ́ọ̀sì méjì tó fẹ́ràn bákan náà, ẹ jẹ́ kí owó ọkọ̀ àti owó ilé dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé owó ilé kò wọ́n ní Ìpetu kí ẹ wá sọ ẹni tó fẹ́ di lọ́yà di tíṣà o.

Ọ̀NÀ

Fún ará Èkó àti Ìbàdàn, Ìkirè ló yá jù. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ìbàdàn tó kọjá Aṣéjíire lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ó kù díẹ̀ ni. Kò pọn dandan kí ọmọ dúró de ọkọ̀ Ìkirè. Ọkọ̀ Ifẹ̀, ti Iléṣà àti ti Àkúrẹ́ gbogbo ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń rin ọ̀nà yẹn mọ dòdò Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti rọ̀ kọjá èyí tí wọ́n ń fi dín dòdò ilé, tí wọ́n fi ata rodo àti iyọ̀ pò, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú, tí wọ́n wá dì sínú ewé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹlòmíràn máa dànù ni wọ́n fi ń pa owó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú díẹ̀ bọ̀ wálé ní ìparí sáà ti mú ẹ̀bùn bọ̀, kò sì ná an lówó púpọ̀.

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wà láàárín Iléṣà àti Àkúrẹ́, nítorí náà ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni kí ọmọ wọ̀, kó sọ fún dírẹ́bà ṣáájú kí wọ́n má baà gbé e kọjá. Orí òkè ni agbègbè náà, ìtòsí Erin-Ìjẹ̀ṣà tí omi Olúmirìn ti ń ṣàn wálẹ̀ láti orí àpáta ni. Òtútù wà níbẹ̀. Ẹ fi kúbùsù sínú ẹrù.

Ifẹ̀tẹ̀dó ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ifẹ̀, ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Oǹdó ló wà. Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ti dé Ifẹ̀ kó tó di aago 3 ọ̀sán, torí ọkọ̀ ìlú kékeré kì í kún kíákíá bí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Èjìgbò ní ọ̀nà mẹ́rin. Ó tó kìlómítà 40 sí Òṣogbo, 35 sí Ìwó, 30 sí Ògbómọ̀ṣọ́, 24 sí Ẹdẹ. Ará Ìlọrin tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ wọlé, kò ní láti dé Òṣogbo rárá. Ará Ìbàdàn lè gba Ìwó. Ẹ bi onímọ́tò mẹ́ta léèrè owó kí ẹ tó yan ọ̀kan. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó wà ní Abidjan pọ̀ débi pé Faransé kì í ṣe èdè àjèjì nínú ìlú náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n lè fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò.

Òkukù: láti Òṣogbo, ẹ gba Ìkìrun. Ojú irin tó ń lọ sí Ọ̀fà gba ìlú náà kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má fi ti rélùwéè ṣe bí sáà bá ń bẹ̀rẹ̀. Ìlú yìí náà ni onímọ̀ kan, Karin Barber, gbé tó fi kọ ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991 lórí oríkì. Ọmọ tó ń ka ìṣirò owó níbẹ̀ lè ti ibẹ̀ kọ́ oríkì ilé tirẹ̀ náà, kò ní dí i lọ́wọ́.

Òṣogbo: ọ̀nà méjì ló wà láti Ìbàdàn, ti Ìwó àti ti Gbọ̀ngán tó gba Ẹdẹ. Òkè-Baálẹ̀ ni ọgbà wà. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó jẹ́ ti LAUTECH tẹ́lẹ̀ náà wà ní Òṣogbo. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun pín yunifásítì yẹn ní 2020 ló di ti Uniosun. Òṣogbo ni ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá àgbà wà, nítorí náà ẹni tó wà ní ọgbà márùn-ún yòókù kí ó ya owó ọkọ̀ Òṣogbo sọ́tọ̀, ó kéré tán ìgbà méjì lọ́dún, nítorí ìwé.

INÚ ỌGBÀ TÀBÍ INÚ ÌLÚ

Ọdún kìíní, inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ọgbà ni kí ọmọ gbé. Ibùsùn kì í tó gbogbo èèyàn ní yunifásítì Nàìjíríà, torí náà ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i ni kí ẹ san. Fóòmù tó máa ń bá bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ́ẹ̀lì mu ni ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú 2½. Ẹ má ra èyí tó tóbi.

Láti ọdún kejì, ìlú lè dín owó kù bí ẹ bá fara balẹ̀ wá a. Oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ̀nà ni kí ẹ lọ wo ilé, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú. Gbogbo kànga ló máa ń ní omi ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Èyí tó bá ní omi ní Ẹrẹ̀nà ni kànga. Ẹ ju kèrègbè tàbí korobá sínú rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu éjẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ará ilé ẹ̀gbẹ́ bí iná ṣe ń dé sí, wákàtí mélòó lójúmọ́, kí ẹ sì bi í bí omi ṣe máa ń ya wọ yàrá nígbà òjò.

Owó tí wọ́n bá dá lé ilé kọ́ ni gbogbo owó ilé. Àgírímẹ́ǹtì wà, kọmíṣọ́n wà, ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n sì sábà máa ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé tí wọ́n pè ní ₦150,000 ti di ₦180,000 kí kọ́kọ́rọ́ tó dọ́wọ́, a ò tíì ka owó ìdúró tí wọ́n ní àwọn máa dá padà. Ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé wọ́n máa dá a padà. Kọmíṣọ́n kì í ṣe owó ọdọọdún. Bí éjẹ́ǹtì bá tún wá ní ọdún kejì, ẹ kí i kú àárọ̀ kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Sẹ́fù-kọ́ńtéènì ló wu àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Tiwa ni pé yàrá kan nínú ilé ojúlé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé sàn fún ọmọ ọdún 18: owó rẹ̀ kéré, ìyá onílé sì máa ń mọ̀ bí ọmọ kò bá wọlé sùn. Kí bàbá tàbí ìyá bá ọmọ lọ, kí wọ́n kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí onílé, kí wọ́n sọ pé, "Ẹ̀yin la fi í ṣọ́ o, Mọ̀mọ́." Bí ẹ bá ní àbúrò bàbá, ọmọ ìyá ọkọ, tàbí ẹni ilé yín kan ní ìlú náà, ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì, bí ọmọ ò tilẹ̀ ní gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò: ọdún tí ọmọ kò ní sí nílé. Ẹnjiníà ní oṣù 6 ìkọ́ṣẹ́ níta, àwọn àgbẹ̀ ní ọdún iṣẹ́ oko, àwọn olùkọ́ ní ìgbà tí wọ́n ń lọ dánra wò ní ilé-ìwé. Ẹ bá onílé sọ ọ́ ṣáájú, tàbí kí ẹ fi ọmọ méjì sínú yàrá kan kí ẹnì kan lè máa san apá tirẹ̀. Yàrá òfìfo kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń sanwó òun.

ẸRÙ OÚNJẸ

Sáà kan tó ọ̀sẹ̀ 15. Ìṣirò tiwa fún ọmọ kan tó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀: gaàrí kóńgò 15, ìrẹsì 8, ẹ̀wà 6, èlùbọ́ 5, epo pupa lítà 4, òróró lítà 2, iyọ̀ àpò kékeré kan, àti ẹja gbígbẹ tó bá ti wà. Ọmọ tó ń mu gaàrí lálaalẹ́ kò ní fi ìyẹn parí sáà, ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí.

Èlùbọ́, ẹ rà á kó tó di oṣù Igbe, nígbà tí oòrùn ṣì ń sá a dáadáa. Epo pupa máa ń pọ̀ láti Èrèlé wọ Èbìbí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pọn ọn sínú kẹ́ẹ̀gì. Iṣu tuntun ń dé ní Agẹmọ. Ẹ̀wà, ẹ sá a lóòrùn ọjọ́ méjì, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ pẹ̀lú ata gbígbẹ bí ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò kò ní ráyè mí níbẹ̀. Gáàsì kílò 3 tó ọmọ kan, ẹni méjì kí wọ́n jọ ra ti kílò 6.

Ìlú kékeré sì ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjà náà sì dínwó ju ṣọ́ọ̀bù ẹnu géètì lọ. Ẹ béèrè ọjọ́ kan péré, ẹ lè fi ka ìyókù. Bí ọjà bá bọ́ sí Ajé, àwọn tó tẹ̀ lé e ni Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó tún padà sí Ajé lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Kí ọmọ fi pẹ́ńsùlù ṣàmì sí kàlẹ́ńdà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

OṢÙ SÍ OṢÙ

Ṣẹ́rẹ́: ọyẹ́, fọ́ọ̀mù JAMB sì máa ń wà níta. Èrèlé àti Ẹrẹ̀nà: wíwo kànga. Igbe: ìdánwò JAMB, ẹ̀kọ́ mẹ́rin, máàkì 400. Òkúdù: òjò. Ògún: ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun ti wà lára ogún àgbáyé láti 2005, àlejò máa ń kún ìlú, ẹ má kó ẹrù wọ Òṣogbo lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà: ọ̀nà máa ń bàjẹ́. Ọ̀pẹ: owó ọkọ̀ á wọ́n láti ọjọ́ 15, kí ọmọ ti wálé ṣáájú.

OWÓ ÌJỌBA

Ẹ̀yáwó NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 kò ní èlé. Owó ẹ̀kọ́ ń lọ sí ilé-ìwé tààrà, ₦20,000 lóṣù sì ń lọ sọ́wọ́ ọmọ fún oúnjẹ. Kò sí owó ilé níbẹ̀.

ÀWỌN YUNIFÁSÍTÌ MÌÍRÀN

Kọ́ọ̀sì ló ń yan ìlú ní àwọn yunifásítì yìí náà.

Yunifásítì Olabisi Onabanjo: Àgọ́-Ìwòyè ni ìyá ọgbà, ẹnjiníà wà ní Ìbògùn, àgbẹ̀ ní Ayétòrò, ìṣègùn ní Ṣàgámù.

LASU: Ọ̀jọ́, Ẹ̀pẹ́ fún ẹnjiníà àti àgbẹ̀, Ìkẹjà fún ìṣègùn.

Unilag: ọmọ ìṣègùn máa ń lo ọdún kìíní ní Akọkà kó tó kọjá sí Ìdí-Àràbà, nítorí náà ẹ má san owó ilé ọdún méjì ní Akọkà fún un.