Butterwort: Ewéko Apẹran-jẹ ti Orí Ilẹ̀ Aláìlọ́ràá

Lórí àwọn òkè Skọ́tílándì, níbi tí omi tútù ti ń sun gba ara àpáta wálẹ̀, ewéko kékeré kan wà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Ewé rẹ̀ kì í sábà ju 11 lọ. Wọ́n tẹ́ yí ojú kan ká, ojú wọn sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi bọ́tà pa wọ́n. Butterwort ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Pinguicula vulgaris ni Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1753. Dídán ewé yẹn ni pàkúté rẹ̀.

Oríṣi orísun oje méjì ló wà lójú ewé náà. Èkíní dúró lórí ọ̀pá tín-ín-rín, ó gbé ẹ̀kán oje tó ń fà yọ̀ọ̀ sórí. Bí kantíkantí tàbí èèrà bá bà lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ pinpin. Bó ṣe ń jà láti bọ́, bẹ́ẹ̀ ni oje ń bò ó sí i. Oríṣi kejì kò ní ọ̀pá, ara ewé gan-an ló jókòó sí. Tí kòkòrò bá ti há, òun ló ń sun oje tó ní ẹ́ńsáìmù, tí yóò yọ́ ẹran ara rẹ̀ kí ewé tó fà á mu. Etí ewé á rọra ká wọnú, kí oúnjẹ má baà ṣàn dà nù. Èèpo òfìfo ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ilẹ̀ tó hù sí ló sọ ọ́ di apẹran-jẹ. Irà àti ojú àpáta olómi ni ilé rẹ̀, ní Ireland, ní Nọ́wè, títí dé Rọ́ṣíà àti Kánádà. Náítírójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń fún un lágbára bíi ti ewéko yòókù, ṣùgbọ́n ara kòkòrò ló ti ń rí ohun tí ilẹ̀ kò ní.

Charles Darwin ya orí odindi kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ewéko ajẹkòkòrò, tó jáde ní 1875. Ọ̀rẹ́ kan ṣa ewé 39 tí nǹkan lẹ̀ mọ́ ránṣẹ́ sí i láti àríwá Wales: 32 nínú wọn ti mú kòkòrò 142. Darwin rí i pé bí a bá fi ẹran sórí ewé, oje rẹ̀ á kan, á sì yọ́ ẹran náà. Ó tún rí i pé àwọn irúgbìn kéékèèké tí atẹ́gùn gbé wá ń ṣe é láǹfààní.

Láti oṣù karùn-ún, òdòdó elésè àlùkò á yọ lórí ọ̀pá gígùn, ó ga ju ewé lọ dáadáa. Nígbà tí òtútù bá dé, ewé àti gbòǹgbò á kú, ewéko náà á sì ká jọ di ẹ̀hù kékeré kan tí kò ní gbòǹgbò, títí yìnyín yóò fi yọ́. Omi a máa gbé àwọn ẹ̀hù wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn, kí wọ́n tún hù.

Àwọn darandaran àríwá Swídìn àti Nọ́wè mọ ìwúlò mìíràn fún un. Linnaeus kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1737 pé wọn a máa da wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sórí ewé tútù rẹ̀, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, títí tí yóò fi ki, tí yóò sì máa fà. Tätmjölk ni àwọn ará Swídìn ń pè é. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Fúlàní ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń fi oje ewé bọmubọmu mú wàrà dì kò ní ṣàjèjì sí i.

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewéko yìí ti pòórá ní ọ̀pọ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, torí pé àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ kòtò láti fa irà gbẹ. Bí ajílẹ̀ bá sì ṣàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, koríko gíga á hù, á ṣíji bò ó. Àwọn tó ń dáàbò bò ó mọ èyí: wọ́n ń jẹ́ kí màlúù tàbí àgùntàn díẹ̀ máa jẹ koríko náà wálẹ̀, wọn kì í dí ojú omi, wọn kì í sì í jẹ́ kí ajílẹ̀ débẹ̀.