Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Kà Wá Síbi Tí A Ń Gbé

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Minna, Suleja, Bida, Kontagora àti gbogbo ìpínlẹ̀ Niger ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí kò yẹ ká gbé mì.

Nígbàkígbà tí àwọn ọmọ wa bá lọ lo ọlidé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, àbùkù ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá dé. Wọ́n á ní, "Bàbá, kí lẹ tún ń wá níbí? Títì ò dáa, iná ò sí. Èkó ni gbogbo nǹkan wà." Àwọn àgbà mìíràn láàárín wa pàápàá máa ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. A ò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìpínlẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì ká wò ó dáadáa, nítorí ìka ò dọ́gba.

Nínú ìpínlẹ̀ 36 tó wà ní Nàìjíríà, Niger ni ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù. Ó lé ní kìlómítà onígun mẹ́rin 76,000. Èkó ló kéré jù, tirẹ̀ ò pé 4,000. Kódà bí ẹ bá kó Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pọ̀, díẹ̀ báyìí ni ilẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ju ti Niger nìkan lọ. Àmọ́ ẹ wo iye èèyàn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 27. Niger ò pé mílíọ̀nù 4. Èyí ni pé nínú kìlómítà onígun mẹ́rin kan, nǹkan bí èèyàn 52 ló wà lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ti Èkó ju 2,000 lọ.

Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ nìyẹn. Kìlómítà títì kan tí wọ́n bá ṣe ní Èkó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbí, títì á la igbó kọjá, á la oko kọjá, kó tó kan abúlé kan. Bí òpó iná ṣe rí nìyẹn, bí ètò ààbò náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú àwọn ará Shiroro, Munya àti Rafi ti rí lọ́wọ́ àwọn agbébọn. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí, ṣíṣọ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Omi Kainji àti ti Shiroro tó ń fún orílẹ̀-èdè yìí níná, ìpínlẹ̀ yìí ló wà, síbẹ̀ abúlé tí kò mọ iná wà níbí.

Ẹ tún wo bí ìjọba ṣe ń pín owó àpapọ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ọgbọọgba ni. Ìdá 30, iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín in. Ìdá 10 péré ló wà fún ìwọ̀n ilẹ̀ àti bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ìdá 10 wà fún owó tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé fúnra rẹ̀, ìdá 10 tó kù sì wà fún ọ̀rọ̀ bí ilé ẹ̀kọ́, ìlera àti omi. Ẹ ò rí i pé èèyàn níyì ju ilẹ̀ lọ níbẹ̀? Àwọn baba wa ti sọ ọ́, pé èèyàn laṣọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an nìyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí ìkànìyàn ku díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ṣọ́ọ̀bù, tó kó ìyàwó àtọmọ sínú ọkọ̀, tó gba ilé lọ kí wọ́n lè kà á mọ́ ará ìlú rẹ̀. Àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà lọ. Àgádágodo ni àwọn tó ń kà èèyàn bá lẹ́nu ọ̀nà wa. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan pé kí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí àdúgbò wa. Wọ́n ní iye èèyàn tó wà nínú ìwé àwọn ò tó ohun tí à ń sọ. Títí dòní, ọ̀kadà làwọn aboyún wa ń gùn lóru lọ sí ọsibítù ìlú. Ta la fẹ́ bá wí? Àwa la fọwọ́ ara wa yọ ara wa kúrò nínú ìwé.

A ò sọ pé iye èèyàn nìkan ló ń mú ìdàgbàsókè wá. Kano ló pọ̀ jù nínú ìkànìyàn náà, síbẹ̀ kò ní ọrọ̀ tó Èkó. Ìwádìí ìjọba tó jáde ní ọdún 2022 sì fi hàn pé nínú èèyàn 100 ní Sókótó, 91 ló wà nínú ìṣẹ́, nígbà tó jẹ́ 27 ní Oǹdó. Ìwà ìjọba àti ọwọ́ tí wọ́n fi mú ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí nínú ìwé, ta ni yóò rántí rẹ̀?

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ka àwọn síbí, àwọn ti sọ ilé nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìkànìyàn 2006 ò béèrè ẹ̀yà, kò béèrè ẹ̀sìn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń kà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. A ó relé ní Iléyá, a ó relé ní Kérésì, a ó sì kọ́lé sílé. Àmọ́ ọjọ́ ìkànìyàn kì í ṣe ọjọ́ Iléyá.

Èyí tó yẹ kó wáyé ní ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọjọ́ yòówù kí wọ́n dá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa nílé. Kó tó dìgbà náà, ẹ máa forúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn, ẹ sì máa san owó orí yín níbi tí ẹ ti ń jẹun. Ibi tí a bá ń gbé là á tún ṣe.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣìnà nílẹ̀ àjò. Àmín.