Èkó ju gáréèjì lọ: ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ èrò mú àwọn ọmọ wa wo ìlú

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Orhuwhorun, Ovwian, Aladja àti káàkiri ilẹ̀ Udu, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti òṣèlú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni.

Iṣẹ́ irin Aladja tí wọ́n ṣí lọ́dún 1982 ló gbé bàbá ọ̀pọ̀ nínú wa wá síbí. Òwò ló gbé àwọn mìíràn wá. Àwọn Urhobo tó ni ilẹ̀ gbà wá, a kọ́lé, a bímọ. Àwọn ọmọ náà ń sọ Píjìn bí ẹni mumi, wọ́n gbọ́ Urhobo, wọ́n sì ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kò burú. Èyí tó ń dùn wá ni pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè ti dé Èkó lẹ́ẹ̀mẹfà kó má tíì rí Èkó. Òkú la máa ń mú wọn lọ sin, tàbí ìgbéyàwó. Ọkọ̀ á gbéra ní Effurun láàárọ̀, á gba Sapele, Benin àti Ọ̀rẹ̀, á já wa sí Jíbówú. A ó wọ aṣọ ẹbí ní Sátidé, a ó jẹ ìrẹsì, nígbà tó bá fi di Mọ́ńdè, a ti wà lọ́nà ilé. Bí ẹ bá wá bi ọmọ náà pé kí ló rí l'Ékòó, á ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Kò parọ́.

Bẹ́ẹ̀, Èkó yìí ló ṣe olú-ìlú Nàìjíríà láti 1914 títí di ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Abuja. Ọdún yẹn kan náà, lóṣù Kẹjọ, ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Delta sílẹ̀. Asaba àti Abuja ni ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà mọ̀ sí olú-ìlú. Ṣùgbọ́n ìjọba tó kó lọ kò kó ilé dání. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà ní Erékùṣù Èkó, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń ti ọ̀kan dé èkejì.

Ẹnìkan á ní, “Àwa tí a kò ní mọ́tò l'Ékòó ń kọ́?” Ìbéèrè yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró, nítorí owó mọ́tò tí wọ́n ń háyà kò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹ fi mọ́tò háyà sílẹ̀. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná Mile 12 sí CMS, ó tó kìlómítà 22, ó sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní ibi tó pọ̀. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2, kò sì pẹ́ tó fi di oníná mànàmáná. Red Line tẹ̀ lé e lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádo gba Agége, Ìkẹjà, Oshòdì àti Yàbá dé Òyìngbò.

Àwa ará Udu ló yẹ kí ọ̀rọ̀ rélùwéè yé jù. Ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin Itakpe sí Warri, kí wọ́n lè máa fi kó òkúta irin wá fún Aladja. Ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i fún èrò, tí ibùdókọ̀ Ujevwu nítòsí wa fi di ibi tí ayé ń wọ̀ sí. Ti Èkó náà rí bẹ́ẹ̀. Gómìnà Lateef Jákàńdè ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé Metroline, ìjọba ológun Buhari sì fagi lé e lọ́dún 1985. Buhari yìí kan náà ló padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, tó ṣí ojú irin Warri, tó sì tún ṣí Blue Line lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Ẹni tó bá lè rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rà ni káàdì Cowry. Ẹ kì í fi owó lé èèyàn lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin yìí. Ẹ ó fi owó sínú káàdì, ẹ ó fi kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, yóò ṣí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ́wọ́, inú wọn á dùn.

Láti Jíbówú, ẹ rìn dé Fadéyí, ẹ wọ BRT lọ sí CMS. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun afárá Èkó. Ní Marina, ẹ yà sí kàtídírà àwọn Áńgílíkà. Ibi ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wà níbẹ̀. Ọmọ Òṣoògùn ni, wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì ṣiṣẹ́ káàkiri Odò Ọya àti ilẹ̀ Niger Delta. Ẹ sọ fún wọn pé Yorùbá kan ti wá sí agbègbè tiwa kí ilé-iṣẹ́ irin tó dé.

Freedom Park kò jìnnà síbẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni, wọ́n ti fi Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sínú rẹ̀ rí. Ní 2010 ó di ọgbà tí èèyàn ti ń gbafẹ́, tí wọ́n ti ń lu ìlù. Ẹ rìn díẹ̀ sí i, ẹ ó bá mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn tí wọ́n ṣí ní 1957. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ tí a mú lọ dúró sí jù. Mọ́tò tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí wà níbẹ̀, ojú ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ọkùnrin yìí kéde pé olú-ìlú á kúrò l'Ékòó lọ sí Abuja, àsìkò yẹn náà ni wọ́n sọ Midwest di Bendel. Lọ́jọ́ 13, wọ́n yìnbọn pa á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìkòyí. Ọmọ kan bi wá pé, “Ṣé kò ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ ni?” A sọ fún un pé kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi fèrè lé èèyàn kúrò lọ́nà fún òun. Ó dákẹ́, ó tún padà lọ wo ihò náà.

Ní Oníkàn yìí kan náà ni ilé John Randle wà, tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá nìkan. Dókítà Randle ló kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ fún ará Èkó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ kò bá ráyè dé ibòmíràn, ẹ dé ibí.

Kò yẹ ká máa sọ pé a ó lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé Ilojo Bar tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ sí Tinúubú ní 1855, ìjọba ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Àwọn tó sọ pé ó ṣì wà níbẹ̀, àwọn ṣì ń bọ̀, àwòrán ni wọ́n ń wò báyìí.

Nírọ̀lẹ́, ẹ wọ Blue Line ní Marina. Ó ń gba orí omi kọjá, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tó gúnlẹ̀ sí Àpápá á wà lápá òsì yín. Ilé tó rí bíi fìlà sójà ní Igànmú ni Tíátà Orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi ṣe FESTAC ní 1977. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi ń pè é láti 2024. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Fálọmọ lọ sí Ìkòròdú. Omi kì í ṣe tuntun sí ọmọ Warri, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé gbogbo wọn wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ danfo lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ẹ mú ṣénjì dání, kọ̀ndọ́ kò ní gbà fún yín. Kí fóònù wà nínú àpò iwájú, kí àwọn kékeré má jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ wọn bá wa lọ ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ ní ìpàdé òpin oṣù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè la ó mú, àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́rin. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bàtà tó ṣeé fi rìn, ike omi, àti ìwé tí nọ́ńbà òbí rẹ̀ wà. Kò sí aṣọ ẹbí.