Bàálù Alábẹ̀bẹ̀ Tó Balẹ̀ Sórí Ọkọ̀ Ojú Omi

Bí bàálù Hercules àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa bá gba orí Tudun Wada kọjá nílùú Sókótó, ariwo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin ni etí máa kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ayé bàálù alábẹ̀bẹ̀ ti kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú abẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ni agbára rẹ̀ wà.

Ogun Kòríà ló bí i. Ní 1951, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ń wá bàálù tó lè kó ẹrù wúwo, kó sì balẹ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà. Willis Hawkins àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Lockheed ló ya àwòrán rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kelly Johnson, ọ̀gá ayàwòrán bàálù níbẹ̀, ta kò ó. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, 1954, ló kọ́kọ́ fò.

Ẹ̀ńjìnì tó ń yí abẹ̀bẹ̀ náà bá ti jẹ́ẹ̀tì tan. Eré tí abẹ̀bẹ̀ ń sá kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí apá rẹ̀ ṣe dagun sí afẹ́fẹ́ ló ń yí padà, nítorí náà agbára tí awakọ̀ bá béèrè á dé lójú ẹsẹ̀. Atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ tún ń gba orí ìyẹ́ kọjá, ó ń bá a gbé bàálù sókè. Tó bá balẹ̀, awakọ̀ á yí apá abẹ̀bẹ̀ kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ síwájú, bàálù á sì dúró.

Ní 1963, James Flatley, awakọ̀ bàálù àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, gbé Hercules kan balẹ̀ sórí ọkọ̀ ogun wọn, Forrestal, lójú òkun Àtìláńtíìkì. Kò sí ìkọ́ tó fà á dúró, kò sí ohun tó tì í gbéra. Ìyẹ́ rẹ̀ kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ sí ilé ìṣàkóso ọkọ̀ náà. Ìgbà 21 ló balẹ̀ tó dúró pátápátá. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ awakọ̀ tó ga jù lọ.

Nàìjíríà ra tirẹ̀ ní 1975. Òun ló gbé àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Liberia àti Sierra Leone nígbà ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Sókótó, tí ooru oṣù Kẹrin máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, bàálù èyíkéyìí á sáré pẹ́ kó tó gbéra. Ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ńjìnì mẹ́rin ti ń wúlò.

Àmọ́ ẹ̀ńjìnì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ná. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, 1992, àwọn ẹ̀ńjìnì ọ̀kan nínú àwọn Hercules wa kú kété tó gbéra ní Èkó, ó já sí Èjìgbò, ó sì pa èèyàn tó lé ní 150, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀gá ológun tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó nǹkan. Ó ṣì ń dùn wá.

Ní Marietta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń ṣe Hercules. Abẹ̀bẹ̀ ti àkọ́kọ́ ní apá mẹ́ta. Ti òde òní ní mẹ́fà.