Kí Ọtí Ale Pupa Lè Pọ́n Dénú, Láìba Adùn Rẹ̀ Jẹ́

Ojú ni ó máa ń kọ́kọ́ mu ọtí kí ẹnu tó tọ́ ọ wò. Bí a bá gbé ife síwájú àlejò, àwọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un bóyá yóò fúyẹ́ tàbí yóò wúwo, bóyá yóò dùn tàbí yóò korò. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ fi máa ń ká àwọn tó ń pọn ọtí ale pupa nínú ilé wọn lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò tẹ̀ lé ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọtí náà yóò sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dà á sínú ife, àwọ̀ tíì tí kò gba omi dáadáa ni wọn yóò rí. Wọ́n ń retí pupa bí obì àbàtà. Ohun tó jáde rí rúsúrúsú lásán.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tí àwọ̀ ọtí rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn lè bu ẹ̀kúnwọ́ ọkà jíjó sí ìkòkò nígbà tó bá tún fẹ́ pọn òmíràn, kí lítà 20 sì korò bí kọfí tí kò ní ṣúgà. Owó ọkà ti lọ, iṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ mu ún. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí ọtí pupa yóò bá pọ́n dénú tí adùn rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́, ó yẹ kí a mọ ibi tí àwọ̀ náà ti ń wá àti ìwọ̀n tí ó tó.

Ibi tí ọtí yìí ti wá

Ilẹ̀ Ireland ni a mọ ọtí ale pupa mọ́. Ní ìlú Kilkenny ni John Smithwick ti dá iléeṣẹ́ ìpọntí sílẹ̀ ní ọdún 1710, orúkọ Smithwick's sì wà lára ìgò ọtí pupa títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dublin ni wọ́n ti ń pọn ọ́n báyìí. Ọtí yìí kì í ṣe ọtí líle. Agbára inú rẹ̀ kì í sábà kọjá ìdá 5 nínú 100. Adùn rẹ̀ jọ ti búrẹ́dì tí a yan díẹ̀ àti ti ṣúgà tí iná mú pọ́n. Ní ìparí, ọ̀fun á gbẹ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn jẹ àgbàdo àyangbẹ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni òfin fi àyè gba ará ilé láti pọn ọtí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1963 ni ìjọba tó mú ìwé àṣẹ kúrò fún ẹni tó bá ń pọn ún fún ìlò ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó yọ ọtí bíà abẹ́lé kúrò lábẹ́ owó orí ní oṣù kẹwàá ọdún 1978. Láti ìgbà náà ni àwọn èlò àti oríṣiríṣi ọkà tí iléeṣẹ́ ńlá ń lò ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ìwọ̀nba, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston sì lè fi yàrá ìdáná wọn ṣe ibi ìpọntí, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti tà á.

Iná ni ó ń fún un ní àwọ̀

Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò ní rí iṣẹ́ yìí bí àjèjì. Wọn a rẹ àgbàdo sómi, wọn a bò ó kí ó lè hù, wọn a sá a gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe ọkà báálì kí ó tó di mọ́ọ̀tì. Híhù yìí ni ó ń jí èròjà tó ń sọ ìyẹ̀fun inú ọkà di ṣúgà, ṣúgà yìí sì ni ìwúkàrà yóò jẹ kí ó tó di ọtí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ iná tí a fi gbẹ ọkà náà ni àwọ̀ wà. Ní ọdún 1912, onímọ̀ ará Faransé kan, Louis Camille Maillard, ṣàlàyé bí ṣúgà àti àwọn èròjà inú purotéènì ṣe máa ń pàdé nínú ooru, tí wọ́n sì ń di ohun pípọ́n tó ń ta sánsán. Ìpàdé yìí ni ó ń mú kí èèpo búrẹ́dì pọ́n, òun náà ni ó ń fún súyà ní àwọ̀ àti òórùn rẹ̀. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó lára ọkà, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣe jinlẹ̀ tó.

Oríṣi mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì fún ọtí pupa. Èkíní ni mọ́ọ̀tì funfun, tí iná rọra gbẹ. Òun ni ìpìlẹ̀, òun ni ó sì ń mú ṣúgà tó pọ̀ jù lọ wá. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní crystal malt. Nígbà tí ó ṣì tutù ni wọ́n ti ń fi ooru sè é, débi tí ṣúgà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú èèpo rẹ̀; àwọ̀ iyùn àti adùn ṣúgà jíjó ni ó ń mú wá. Ẹ̀kẹta ni báálì àyangbẹ, ọkà tí a kò mú hù rárá, tí a kàn yan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bí kọfí. Bí ó ti dúdú tó nì, òun gan-an ni ó ń mú pupa wá bí a bá fi ìwọ̀nba rẹ̀ sí omi púpọ̀.

Kí ọdún 1817 tó dé, ọkà tí èéfín àti iná ti mú pọ́n ni àwọn apọntí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó sínú ìkòkò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kí ọtí wọn lè dúdú. Ní ọdún náà ni Daniel Wheeler gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí àgbá tó ń yí lórí iná, tó lè yan ọkà dúdú láìjẹ́ kí ó gbiná. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé díẹ̀ tó fún ọlọ́gbọ́n: ẹ̀kúnwọ́ kan lè ṣe iṣẹ́ àpò kan.

Ìwọ̀n tí kì í parọ́

Apọntí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Joseph Lovibond ni ó wá ọ̀nà láti fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ní ọdún 1885, ó gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń lo dígí aláwọ̀ láti fi wé àwọ̀ ọtí. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń wọn àwọ̀ ọkà títí di òní. Mọ́ọ̀tì funfun máa ń wà ní nǹkan bíi 3 Lovibond. Crystal malt alábọ́dé wà ní 60. Báálì àyangbẹ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè tó 500. Fún ọtí tó ti jinná, òṣùwọ̀n SRM ni ọ̀pọ̀ ń lò. Láàárín 9 sí 14 ni ìlànà àwọn onídàájọ́ ìdíje fi ọtí ale pupa ti Ireland sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tó ṣe é lò. Fún lítà 20, ẹ mú mọ́ọ̀tì funfun kìlógíráàmù 3.8 àti crystal malt gíráàmù 250. Ẹ fi omi tó gbóná ní ìwọ̀n 67 lórí òṣùwọ̀n Celsius rẹ ọkà lílọ̀ náà fún wákàtí kan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi gbígbóná ṣan èérí rẹ̀, kí ẹ sì sè é fún wákàtí kan pẹ̀lú hops East Kent Goldings gíráàmù 40. Nígbà tí ó bá tutù tó 18 sí 20, ẹ fi ìwúkàrà ale sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí a bá fi ìlànà ìṣirò Morey, tí àwọn apọntí ilé ń lò, ṣírò àwọ̀ ọtí yìí, nǹkan bíi 8 ni yóò jẹ́. Èyí ni àwọ̀ tíì tí ọ̀pọ̀ ń ráhùn lé lórí. Bí a bá fi báálì àyangbẹ gíráàmù 50 péré kún un, yóò gòkè dé 12, pupa yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nígbà tí a bá gbé ife sí ìmọ́lẹ̀. Gíráàmù 60 yóò gbé e dé 13. Gíráàmù 100 yóò gbé e dé 16, tó ti kọjá ààlà díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ṣì fẹ́ràn. Bí ó bá di gíráàmù 200, yóò tó 22 tàbí 23. Kì í ṣe ọtí pupa mọ́ nìyẹn. Ó ti di ọtí dúdú, ìkorò rẹ̀ sì ti borí.

Ẹ kíyè sí i pé gíráàmù 10 lè yí ọ̀rọ̀ padà. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi ojú díwọ̀n báálì àyangbẹ. Ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn èròjà kéèkì ni ó yẹ kí a lò.

Àwọn kan máa ń rò pé kí a kàn fi crystal malt kún un ni. Ìyẹn náà yóò mú un pọ́n, ṣùgbọ́n láti ti 8 dé 12 pẹ̀lú rẹ̀ nìkan, àfi kí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gíráàmù 415 lé gíráàmù 250 ti tẹ́lẹ̀. Ọtí náà yóò dùn rinrin, yóò sì wúwo lẹ́nu, kò ní jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ mu ife kejì.

Bí a ṣe ń gba àwọ̀ tí a sì ń fi ìkorò sílẹ̀

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìkorò lè ya báálì àyangbẹ sọ́tọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù ní alẹ́, ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi rẹ̀ ní òwúrọ̀. Omi dúdú yìí ni ẹ óò dà sínú ìkòkò nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 10 kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ooru lè pa kòkòrò inú rẹ̀. Omi tútù kì í fa ìkorò jáde tó omi gbígbóná. Ọ̀nà mìíràn ni kí a lo mọ́ọ̀tì dúdú tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, irú èyí tí iléeṣẹ́ Weyermann ti ilẹ̀ Jámánì ń pè ní Carafa Special. Ara èèpo ni púpọ̀ nínú ìkorò jíjó wà.

Àwọ̀ tó dára lè bàjẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lórí iná. Ọtí tó rú kì í pọ́n lójú, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé e sínú òtútù fún ọjọ́ díẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè silẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà jẹ́ ọ̀tá: bí a bá ń da ọtí tó ti jinná láti ibi gíga sínú ìgò, pupa rẹ̀ yóò ṣá, adùn rẹ̀ yóò sì di ti páálí tó lómi. Ẹ fi rọ́bà fà á wọ ìsàlẹ̀ ìgò jẹ́jẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ife náà ní ipa tirẹ̀. Ọtí kan náà tó dúdú nínú ife ńlá lè dà bíi wúrà nínú ife tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ife kan náà ni kí ẹ ti máa fi ọtí tòní wé tàná.

Poroporo bàbà ńkọ́?

Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni fún ọmọ Yorùbá. Àwa náà ní ohun tó ń mú omi pọ́n: poroporo ọkà bàbà, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi ṣe àgbo, tí wọ́n ń fi kun wàrà ní ilẹ̀ Benin, tí àwọn ará Ghana sì ń fi se ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn tó ń jẹ́ waakye. Ọkà bàbà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ ọtí. Òun ni wọ́n fi ń pọn bùrùkùtù, òun àti àgbàdo sì ni àwọn iléeṣẹ́ ọtí ní Nàìjíríà gbára lé nígbà tí ìjọba fòfin de ìkówọlé mọ́ọ̀tì báálì ní ọdún 1988.

Ṣùgbọ́n pupa poroporo yàtọ̀ sí ti báálì àyangbẹ. Ara ewéko ni tirẹ̀ ti wá, kò ti inú iná wá, kò sì ní òórùn búrẹ́dì yíyan. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lè se ègé kékeré kan nínú omi, kí ó sì kán an sínú ife ọtí kan ṣoṣo tó ti jinná, kó tó ronú àtifi í sí lítà 20. Bí ó bá wù ú, ọtí tirẹ̀ nìyẹn, kó má pè é ní ti Ireland. Ohun tí kò yẹ kó wọ inú ọtí rárá ni àwọ̀ tí a ń fi kun aṣọ tàbí èyíkéyìí tí kò ṣe é jẹ. Kò sí pupa tó tó fi ìlera ara ẹni rà.

Kí ẹ tó dé ìgò lójú, ẹ rí i dájú pé ìwúkàrà ti parí iṣẹ́ rẹ̀: kí òṣùwọ̀n ṣúgà inú ọtí máa ka nọ́ńbà kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgò tí a dé láìpé ọjọ́ lè bú gbàmù kí ó sì ṣe ọmọdé léṣe. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Aláboyún àti ẹni tó fẹ́ wakọ̀ kò ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa tà á ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pọn ọtí, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé: iye ọkà, wákàtí, àwọ̀ tí ẹ rí, adùn tí ẹ tọ́ wò. Bí ó bá ṣì rí rúsúrúsú, gíráàmù 10 ni kí ẹ fi kún báálì àyangbẹ nígbà mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.