Ọmọ 12 Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Yọ Dànù

Ọmọ 21 ni wọ́n. Gbogbo wọn ló ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ́jú ti mú kí àìsàn náà rọlẹ̀, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà sì wá ń fún wọn ní oògùn kan tó ń jẹ́ 6-MP, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò pẹ́ kí àìsàn tó padà dé. Ọmọ 21 mìíràn ń gba èyí tí kò lágbára kankan nínú. Emil Freireich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963, òun sì ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ mọ survival analysis títí dòní. Orúkọ yẹn le ju iṣẹ́ ọ̀hún lọ: bó ṣe ń pẹ́ tó kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ la ń wá.

Ibi tó ti lọ́jú pọ̀ nìyí. Nínú àwọn tó ń lo 6-MP, 9 péré ni àìsàn padà sí lára. Àwọn 12 yòókù ńkọ́? Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo ọmọ wọlé, nítorí náà ìṣọ́ wọn ò gùn bákan náà. Ọ̀sẹ̀ 6 la fi ṣọ́ ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 35 la fi ṣọ́ òmíràn, ara wọn ṣì le nígbà tá a rí wọn kẹ́yìn.

Ẹni tó bá ń kánjú á ní ká yọ àwọn 12 náà kúrò, ká ro ọ̀sẹ̀ àwọn 9 pọ̀, ká pín in sí 9. Ọ̀sẹ̀ 12 àti díẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. A mà rẹ́ oògùn náà jẹ o! Àwọn tó ṣe fún jù lọ la kó dànù.

Edward Kaplan àti Paul Meier ti tú kókó yìí ní 1958. Aláìsàn jẹjẹrẹ ni Meier ń rò. Ti Kaplan, ẹ̀rọ tó wà lára wáyà tẹlifóònù abẹ́ òkun ni, ìgbà wo ni yóò kú? Ìbéèrè kan náà ni.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé gbogbo ìgbà tí àìsàn bá padà dé, wọ́n á béèrè pé: nínú àwọn tó ṣì wà lábẹ́ ìṣọ́, mélòó ló yè é? Ní ọ̀sẹ̀ 6, ọmọ 21 wà nílẹ̀, ó padà sí 3 lára, 18 yè é. Ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ìṣọ́ ọmọ kan parí láìsí àìsàn. Ó wà lára 21, kò sí lára iye tó kàn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ 7, 17 ló kù, 1 bọ́ sí i, 16 yè é: ìdá 94. Ẹ wá wo ìdá 94 nínú ìdá 86 yẹn, ìdá 81 ló kù. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn bí àtẹ̀gùn, títí dé ọ̀sẹ̀ 23 kó tó rẹlẹ̀ ju ìdajì lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò gba oògùn, ọ̀sẹ̀ 8 ló ti já sísàlẹ̀ ìdajì.

Ní 1972, David Cox fi ọ̀nà tá a fi lè ka ọjọ́ orí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n méjèèjì dúró lórí ohun kan: kó má jẹ́ àìsàn fúnra rẹ̀ ló ń lé èèyàn kúrò lábẹ́ ìṣọ́. Bí ìyá bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ nítorí pé ara rẹ̀ ti ń burú, tí a wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le nígbà tó lọ, àtẹ̀gùn náà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní hàn lójú ìwé.